Ó Yọ Ọmọ Mi Kúrò Lọ́mú

Ọmú tí ọmọ wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ìhòòhò. Mo ti fún ọmọ lọ́mú nínú mọ́tò, mo ti fún un ní Dopemu láàrin èrò, kò sí ọkùnrin tó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà kí obìnrin ayàwòrán tí mo ń bá fọ aṣọ ní Onígbòǹgbò yà mí.

SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkejà ti dá wa dúró, èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, mo wá ń fọ ṣòkòtò olówó. Ayàwòrán náà ní ìyá àti ọmọ lòun fẹ́ yà. Mo kọ́kọ́ bi ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti wà lọ́mú, kò burú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sórí àpótí nínú ọgbà rẹ̀, tí ọmọ mi ń mu, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi níkùn.

Gbọ̀ngàn kan ní GRA ni wọ́n ti ṣí àfihàn àwọn àwòrán rẹ̀. Ara obìnrin ni gbogbo àwòrán ibẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá ṣọ́jà kan ló wá gé rìbọ́ọ̀nù. Mo pọn ọmọ, èmi àti ìyá ọkọ mi wọ aṣọ tí a fi ṣọdún Iléyá, a ń wá àwòrán èmi àti ọmọ mi kiri lára ògiri.

A rí mi. Ojú mi ni, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni. Ọmọ kò sí níbẹ̀. Ọmú méjèèjì wà níta gbayawu, apá mi ká bí ẹni gbé nǹkan, kò sì gbé nǹkan kan.

Ìyá ọkọ mi wò ó, wọ́n wò mí. "Ìyàwó mi, ta lo wá ṣí i fún?"

Ọkùnrin kan tó wọ agbádá ń sọ lẹ́yìn wa pé èyí á bá pálọ̀ òun mu, àwọn ọ̀rẹ́ òun á máa rí nǹkan wò bí wọ́n bá ń mu bíà.

Mo lọ bá ayàwòrán. "Àǹtí, ọmọ mi dà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn mi, ó ní ẹni tí mo pọ̀n ńkọ́? Ó wá ní ọmọ náà ń dí àwòrán lọ́wọ́ ni, pé obìnrin tí kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni lòun fẹ́ kí wọ́n rí. Ó ní iṣẹ́ ọnà ni, kò lè tètè yé mi. Inú bí mi débi pé omi ọmú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sára bùbá.

Mo ní kó dá ọmọ mi padà síbẹ̀, tàbí kó sọ àwòrán náà kalẹ̀. Ó ní wọ́n ti fẹ́ rà á.

Mo padà, mo yọ ọ́ lára ìṣó, mo dojú rẹ̀ kọ ògiri. Alágbádá bi mí pé kí ló dé.

"Ọ̀gá, ọmọ ló ni ín. Mi ò tíì já a lẹ́nu ọmú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n kẹ̀yìn sí àwòrán náà, títí tí àwọn gáàdì fi tì wá síta. Kí a tó dé géètì, mo gbọ́ tí wọ́n ń kàn án mọ́ ògiri padà.

Mi ò fọ aṣọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Alágbádá rà á. Títí di òní, mi ò mọ ilé tí mo jókòó sí.