Òrùka Òpéléńgẹ́

Àbúrò ọkọ mi ni, obìnrin sì ni, síbẹ̀ ọkọ mi lèmi náà ń pè é. Òpéléńgẹ́ ni orúkọ tí mo sọ ọ́ nígbà tí mo wọlé ọkọ. Apá rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló bá a wáṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá dídán tí wọ́n fi ń di bisikíìtì.

Inú ẹ̀rọ ńlá kan ló ń ki apá bọ̀, láti pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ọpọ́n. Ìyẹ̀fun tí wọ́n sun bí ẹni sun ìkòkò ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Alumíníọ́mù tó yọ́ kì í tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò dà bí àwo ilé wa: iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, á sì gbóná títí á fi funfun báláú. Wáyà alumíníọ́mù á kàn án, á yọ́, á di oru, oru á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ìyẹn ni dídán tí ẹ ń rí.

Òfin ibẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ irin sọ́wọ́. Òrùka ìgbéyàwó Òpéléńgẹ́ kò sì bọ́ mọ́ látìgbà tó ti bímọ. Ó fi plásítà wé e, ó ní ìka ń dun òun. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀: lójú tirẹ̀, ṣebí amọ̀ sísun ni ọpọ́n náà, kí ló fẹ́ fi iná ṣe?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó já wọ ilé ìdáná mi, kò kí mi, ó na ọwọ́. Plásítà ti jó. Etí òrùka ti yọ́ bí àbẹ́là.

"Ìyàwó wa, apá mi wà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ṣọ́ iná rò pé mo ti ṣe tán, ó tàn án. Òrùka kan ọpọ́n àti irin bàbà tó dì í mú pọ̀. Iná ta pàrà!"

"Jésù! Ìka ńkọ́?"

"Ó ṣì wà. Àmọ́ ọ̀la ni mo tún máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ jẹ́ ká gé òrùka yìí."

"Ẹ̀yin náà mọ ọkọ mi. Ó ní ikú nìkan ló ń bọ́ ọ."

"Ikú náà kọ́ ló fẹ́ wá bọ́ ọ lónìí?"

A pe ọkọ rẹ̀. Ó dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní àwa obìnrin fẹ́ràn ariwo. Ó rí ibi tó yọ́. Ẹ̀rín tán. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré mú pláyà wá, ó sì fi kan òrùka.

"Ẹ rọra o, àna wa," ni mo wí. "Ìka tí ẹ̀rọ kò gé, ẹ má bá a gé e."

Òrùka já. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Òpéléńgẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n bú u dáadáa, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Ẹni tí apá rẹ̀ bá wà nínú ẹ̀rọ ni kọ́kọ́rọ́ ń wà lápò rẹ̀. Nígbà tó ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, orí ìkúnlẹ̀ àdúrà ni mo wà nílé títí fóònù fi dún.

"Ìyàwó wa, ẹ dìde. Gbogbo ìka pé."

Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ já ọ̀rá bisikíìtì fún ọmọ-ọmọ mi, mo máa ń kọ́kọ́ wo ìka ọwọ́ mi.