Ìlẹ̀kùn Kọ́ọ̀tù Àtijọ́ ní Ẹ̀rúwà

Nígbà tí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àwa ará àdúgbò pinnu láti sọ ilé àtijọ́ náà di ilé ìgbẹ̀bí. Inú mi dùn débi pé n kò lè jókòó. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n kò sí ilé amọ̀ kan ní Ẹ̀rúwà tí n kò tíì fi okùn wọ̀n. Ògiri kọ́ọ̀tù yẹn nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Igi ìrókò ni ìlẹ̀kùn àti àtẹ́rígbà rẹ̀. Ojú àáké ṣì hàn lára wọn. Mo bẹ ìgbìmọ̀ àdúgbò tó ń bójú tó iṣẹ́ náà pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn yẹn.

Alága wa bú sẹ́rìn-ín. "Okùn lọ́wọ́ lójoojúmọ́! Ṣé o fẹ́ rán bùbá fún ògiri ni?" Ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Oyún àkọ́kọ́ ìyàwó mi ti ń sún mọ́ ìbí nígbà náà. Ìyá mi ni yóò wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní wọ ibẹ̀. Kọ́ọ̀tù yẹn ni wọ́n ti tú ìgbéyàwó òun àti bàbá mi ká. Bó ti ń jáde lọ́jọ́ náà, ó fọwọ́ gbá àtẹ́rígbà, ó búra pé òun ò ní gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́ láéláé.

"Màmá, kọ́ọ̀tù ti kó lọ."

"Ìlẹ̀kùn ńkọ́? Òun náà kó lọ?"

Mo ń ká okùn ìwọ̀n mi mọ́wọ́.

"Àwa tí a búra níbẹ̀ pọ̀," ló wí. "Ìlẹ̀kùn la sì bá jà. A ò bá ògiri jà."

Oorun kò kùn mí. Mo ń yí ilé náà po, mo ń tẹ ògiri wò, mo ń wojú ọ̀run nítorí òjò. Níkẹyìn, mo dúró sídìí fèrèsé tó wà lẹ́yìn ibi tí adájọ́ ń jókòó sí. Àtẹ́rígbà ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí a bá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀, yóò di ẹnu ọ̀nà mìíràn, ògiri ò sì ní wó. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, mo gbé dígà.

Iṣẹ́ ò tíì parí tí ìyàwó mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí; a gbé e wọ inú ilé náà, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti gbà síbẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ igbe ọmọ, amọ̀ ìdí fèrèsé ṣì ga tó orúnkún. Ẹnu ibẹ̀ ni mo wà, eruku bò mí, nígbà tí ìyá mi dé pẹ̀lú igbá ọṣẹ àti kànìnkànìn. Ó wo ìlẹ̀kùn iwájú lókèèrè, ó yínmú sí i, ó ká ìró rẹ̀ sókè.

"Ẹ rọra o, Màmá!" ni nọ́ọ̀sì ń ké nínú ilé.

Ó ti gbẹ́sẹ̀ kọjá. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gba igbá yìí lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi dà?"