Fèrèsé Mẹ́rìnlá

Èmi àgbàlagbà tí ẹ ń wò yìí, nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa tí mo máa ń dúró wò títí wọ́n á fi lé mi. Bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ó wọ aṣọ sójà, ó dé fìlà, ó fi ọ̀pá ti ara, ilé ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ̀gùn òkúta. Bàbá ti lọ sógun Jámánì, ó sì tiro dé. Àwa ọmọdé gbà láàárín ara wa pé ilé tí wọ́n ti tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ta ni yóò bi í? Nígbà tiwa, ọmọ kì í bi bàbá rẹ̀ ní ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá kú, a ò bi í.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Mo dàgbà, mo fẹ̀yìn tì, ọmọ mi obìnrin mú mi wá sí Lurup ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, kí n máa bá a mójú tó ọmọ rẹ̀. Ní ọdún kẹta, mo bá àwọn arúgbó àdúgbò lọ wo ilé olóko ńlá kan lẹ́yìn ìlú. Bí mo ṣe rí àtẹ̀gùn rẹ̀, mo ní ilé inú fọ́tò Bàbá nìyí. Wọ́n ní nígbà ogun, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn sójà tó gbọgbẹ́ lọ kí ara wọn lè le. Nígbà tí ogun parí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n sì ń tọ́jú sójà tiwọn níbẹ̀. Sójà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣáà ni bàbá mi!

Láti ọjọ́ náà, ẹ ò lè bá mi nílé ní Sátidé. Mo ka àtẹ̀gùn: mọ́kànlá. Gbọ̀ngàn ijó ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti jẹ pákó ṣì wà nílẹ̀, mo fi okùn wọ̀n ọ́n. Mo mọ ibi tí wọ́n ti hú òdòdó dànù, tí wọ́n gbin ọ̀dùnkún fún àwọn aláìsàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú: fèrèsé òkè ilé náà jẹ́ mẹ́rìnlá, ti inú fọ́tò jẹ́ mẹ́tàlá. Mo yanjú ìyẹn náà. Mo ní fìlà Bàbá ló bo ìkẹrìnlá.

Ọmọ-ọmọ mi wá ní Referat láti ṣe ní iléèwé ní ọjọ́ Ajé: kí olúkúlùkù dúró níwájú kíláàsì, kó sọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Ilé yìí ló mú. Ó ti fi fóònù ya àtẹ̀gùn, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wo bàbá ńlá òun sàn.

Ní Sátidé tó ṣáájú, mo mú un wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin, lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Reinickendorf. Mo yọ fọ́tò Bàbá, mo ń ṣàlàyé. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ yìí! Aṣọ oní-fọ́tò lo lọ ń fi okùn wọ̀n ní Hamburg?"

"Aṣọ báwo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Aṣọ tí wọ́n ya ilé sí, tí wọ́n ń ta sẹ́yìn ẹni. Gbogbo ìlú ló ya fọ́tò níwájú ilé yẹn. Ìyá ẹlẹ́ran pàápàá yà á!"

Ó wọ yàrá, ó mú fọ́tò tirẹ̀ wá, èyí tó yà nígbà tó jáde ìwé mẹ́fà. Ilé kan náà. Àtẹ̀gùn kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi kúrú, kò dé fìlà, kò bo nǹkan kan. Mo ka fèrèsé: mẹ́tàlá.

"Níbo wá ni wọ́n ti wo ẹsẹ̀ Bàbá?"

"Ṣé o bi í ni?"

"Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ."

"Ta ni mo jẹ́ tí mo máa bi í?"

Ọmọ-ọmọ mi ń wò wá. "Opa, stimmt das oder nicht?" Bàbá àgbà, ṣé òótọ́ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo tún wo fọ́tò méjèèjì. Òótọ́ ni ilé náà. Òótọ́ ni ẹsẹ̀ tó ń tiro. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀. Nígbẹ̀yìn mo ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé fọ́tò méjèèjì síwájú kíláàsì, ó ní àwọn kò mọ ibi tí wọ́n ti wo bàbá ńlá òun sàn, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bi í.

Mo ṣì ń lọ sí ilé náà ní Sátidé, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí mo ń lọ wò níbẹ̀ mọ́. Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Lánàá, a ń jẹun lọ́wọ́, ọmọ-ọmọ mi nawọ́ sí àpá ọwọ́ òsì mi, ó ní kí ló ṣe mí níbẹ̀. Nígbà èwe tèmi, ìgbájú ni ìdáhùn ìyẹn. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.