Òkúta Bàbá Ìyàwó Mi

Bí òjò bá ti ṣú ní Stockbridge, nílùú òyìnbó níbi tá à ń gbé, ìyá ìyàwó mi á pariwo: "Daddy, ẹ gbé ẹdùn àrá yẹn síta jàre!"

Òkúta dúdú tó rí bí àáké ni. Ìdí kòkó nílé ni bàbá ìyàwó mi ti he é.

"Àrá kọ́," wọ́n á ní. "Bàbá kan ló fi ń gégi nínú igbó wa kí irin tó dé. Ibí ló ti ń dì í mú." Wọ́n á ti àtàǹpàkò bọ kòtò kékeré ara rẹ̀, kì í wọlé tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú Daddy, àrá sán lọ́sàn-án kan. Mummy mú òkúta náà láti jù ú síta. Àtàǹpàkò Mummy bá kòtò náà mu wẹ́kú. Wọ́n yíjú sí àga Daddy tó ṣófo.

"Ẹ ò rí i, Daddy? Obìnrin ló fi ń gégi."