Òwú Súwẹ́tà Mi

Òórùn ìyẹ́ adìyẹ àti fáníìṣì ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ilẹ̀kùn bàbá òyìnbó kan ní Thamesmead, nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Láràárọ̀ ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì láti Plumstead lọ wẹ̀ fún wọn, kí n sì po tíì wọn. Daddy ni mò ń pè wọ́n. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹnu wa kì í gbà á láti pe àgbàlagbà lórúkọ.

Àpótí kékeré kan wà lórí tábìlì wọn. Ọjọ́ tí mo ṣí i láti nu eruku, orí mi wú. Ìyẹ́, irun ehoro àti òwú pupa ni wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò ó lọ bẹẹrẹ. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí; ta ló fẹ́ túmọ̀ irú ẹ̀ fún mi? Àárọ̀ ò ní í mọ́ kí wọ́n má ní, "Lọ wo ìta lójú fèrèsé. Ṣé ìkùukùu wà? Níbo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́?" Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní nínú ara mi pé, àbí wọ́n ń yan ọjọ́ ètùtù ni?

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n di etí súwẹ́tà aláwọ̀ eérú tí mo wọ̀ mú. "Fún mi ní òwú díẹ̀ níbẹ̀. Àwọ̀ yìí gan-an ni mò ń wá."

Mo já a gbà. "Rárá o, Daddy."

Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo fi fóònù pe Mummy wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ìyá ìjọ. Wọ́n ní, "Má fún un o! Ẹni tó gba aṣọ ara ẹni, kí ló kù?" Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo bẹ ọ́fíìsì wa pé kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn mi ni ọmọbìnrin Daddy fi mọ́tò gbé àwa méjèèjì lọ sétí odò kan ní Kent. Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀, atẹ́gùn rọlẹ̀. Lójijì, kòkòrò wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú omi, ìyẹ́ wọn nà sókè bí ìgbòkun, ẹja sì ń yọ ẹnu gbé wọn mì. Daddy ju ọ̀kan nínú ìwọ̀ wọn sómi. Ẹja kankan ò yà sí i. Wọ́n bá mú kòkòrò kan, wọ́n fi hàn mí lójú àtẹ́lẹwọ́: àwọ̀ súwẹ́tà mi gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kòkòrò irọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú àpótí yẹn, tí wọ́n fi ń tan ẹja, ọjọ́ tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ máa ń yọ ni wọ́n sì ń ṣọ́ lójú fèrèsé.

Ojú tì mí. Mo fa òwú náà yọ lára súwẹ́tà mi fúnra mi. Òtútù ti mú ọwọ́ wọn gbọ̀n, nítorí náà èmi tí mo mọ irun dì ni mo wé e mọ́ ìwọ̀ bí wọ́n ṣe ń júwe. Ẹja gbé e! Ẹja odò tí wọ́n ń pè ní tírọ́ọ̀tì ni, tó ní tótòtó pupa lára. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n sì tú u sílẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ti ń rò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Gbogbo àárọ̀ tí o bá ń bọ̀ ni èmi náà ń gbé wàlẹ́ẹ̀tì mi sábẹ́ pílò."

Ẹ̀rín tèmi ò jáde dáadáa. Síbẹ̀, mo bẹ ọ́fíìsì pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì tọ́jú wọn títí wọ́n fi kú. Òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà. Àmọ́ odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wẹ ẹ̀yìn wọn, tí wọ́n ń mu tíì ọwọ́ mi, tí a sì ń ṣọ́ ara wa bí olè. "Daddy, kí lẹ fẹ́ fi òwú yìí ṣe?" Ìbéèrè yẹn nìkan ni ì bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mi ò sì bi wọ́n.