Orúkọ Tí Màmá Kò Pè Rí

Iṣẹ́ ògbifọ̀ ni mo ṣe ní kóòtù kan ní Sabon Gari, ní Kano, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí Yorùbá bá sọ̀rọ̀, èmi ni mo máa ń sọ ọ́ di Haúsá fún àwọn ọ̀gá. Bí wọ́n bá fèsì, èmi náà ni mo ń dá a padà. Òfin iṣẹ́ náà kò gùn: ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ ni kí o sọ, má bù mọ́ ọn, má bù kúrò. Èmi tí ẹnu ń yún nígbà gbogbo, òfin yẹn ni mí lára púpọ̀.

Ìwé ìbúra ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa nígbà náà. Ọ̀pọ̀ wa tí wọ́n bí sí Kano kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà àgbàlagbà kan ní láti wá búra fúnni. Àwọn kan sì ń yá ìyá lò. Màmá kan wà lápá Brigade tó ti búra fún ọkùnrin mẹ́ta tí wọn kò bára tan pé òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Nítorí irú wọn ni Málàm Sani, rẹ́jísírà wa, ọmọ Kano pọ́ńbélé, fi máa ń dán ẹlẹ́rìí wò kó tó jẹ́ kó tẹ̀ka.

Ìgbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni Fẹ́mi mú ìyá bàbá rẹ̀ wá. Òyìnbó ará Ireland ni bàbá bàbá rẹ̀, ẹnjiníà rélùwéè tó kú sí Kano níbí. Fẹ́mi fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú ibẹ̀ mọ́ ti Nàìjíríà. Ilé iṣẹ́ aṣojú Ireland ti gba àwọn ìwé rẹ̀ yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé òyìnbó náà fẹ́ màmá níyàwó. Bí kò bá fẹ́ ẹ, Fẹ́mi kò ní ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ìrìnàjò lọ. Ní Railway Quarters, ọmọ àlè òyìnbó ni wọ́n ń pe Jósẹ́fù, bàbá Fẹ́mi, títí ó fi kú.

Málàm Sani ní kí n bi màmá pé kí ni orúkọ ọkọ rẹ̀.

Màmá wolẹ̀. "Bàbá Jósẹ́fù ni."

"Orúkọ tiwọn gan-an ńkọ́, Màmá?"

"Apọ́nbéporẹ́ ni mò ń pè é."

Málàm Sani gbé bíírò sílẹ̀. Ó ní obìnrin yìí kò mọ orúkọ ọkọ rẹ̀, yíyá ni wọ́n yá a.

Fẹ́mi ń làágùn. "Mama, abeg, call am. You sabi the name."

"Ó wà láyé, n kò pè é lórúkọ. Ṣé ìgbà tó kú tán ni màá wá pè é? Ó wá bá bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó san owó orí mi. Olówó orí mi ni."

Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Mo sọ ọ̀rọ̀ màmá di Haúsá bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Owó orí, sadaki ni mo pè é.

Málàm Sani bọ́ fìlà rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Bí ìyá mi náà ṣe ṣe nìyẹn," ó ní. "Títí ó fi kú, n kò gbọ́ orúkọ bàbá mi lẹ́nu rẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Matarsa ce. Ìyàwó rẹ̀ ni. Lọ tẹ ìwé náà."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo wo orúkọ òyìnbó náà lára àwọn ìwé Fẹ́mi. A gbọ́dọ̀ ka ìwé ìbúra sétí ẹlẹ́rìí kó tó tẹ̀ka, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí mo ṣe pe orúkọ òyìnbó náà, màmá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Fẹ́mi fẹ́ gbé e dìde, ó ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Omi ń bọ́ lójú màmá. Mo dá ìwé kíkà dúró.

"Ọmọ mi," ó ní, "tún ibẹ̀ yẹn kà fún mi."

Mo tún un kà.