Òwúrọ̀ Tí Bàbá Mi Pe Orúkọ Mi Lórí Igi

Òwúrọ̀ tí èmi àti bàbá mi jọ gun igi tí ó ti máa ń ṣọdẹ nínú oko kòkó wa ní Oǹdó kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bàbá fi okùn kan so ìbàdí mi mọ́ igi, ó sì so òmíràn mọ́ ẹ̀ka òkè, èyí tí a ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Bọ́lá, má tú ti ìbàdí kí ti òkè tó gbé ọ dúró. Tí a bá ti dókè, a kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹran á gbọ́."

Ìkùukùu bo gbogbo oko, àfi bí ẹni pé ojú ọ̀run la jókòó sí. Ìgalà kan rọra yọ nísàlẹ̀. Ẹwà rẹ̀ gbé mi lọ, mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Bọ́lá."

Ìgalà ta kìjí, ó wọgbó. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti tú okùn ìbàdí mi, ọwọ́ bàbá ló dì mí mú.

Nílé, ìyá mi bèèrè ẹran. Bàbá ní, "Ẹran ò jáde lónìí."

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá rọra pe orúkọ mi, ìbàdí mi ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.